Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Gbé Lọ sí Òkukù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo jáde nílé mi ní Abẹ́òkúta. Ìyàwó mi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi dé ẹnu géètì, ó ní kí n bá òun kí Màmá Òkukù dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá Òkukù. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Káyọ̀dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí o gbé wá fún mi yẹn kò so mọ́ o. Ewé rẹ̀ kàn ń dúró ṣánṣán sókè ni, bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀ náà ti fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ti tó ọdún méjì àbọ̀ tí mo ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà lẹ́bàá títì, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó tà á fún mi búra pé èèyàn méjì ni yóò máa gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó bá so. N kò béèrè ibi tó ti hú u. Mo kó o sí bùútù ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, mo gbé e lọ fún Màmá bí ẹni gbé góòlù. Wọ́n jó nígbà tí wọ́n rí i.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo wọkọ̀ dé Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láti ibẹ̀ dé Òṣogbo. Ọ̀nà náà dára láwọn ibì kan, ó sì burú láwọn ibòmíràn débi pé orí gbogbo wa ń kan òrùlé ọkọ̀. Nígbà tí mo fi dé Ìkìrun, ebi ti ń pa mí. Mo ra mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ nínú gáráàjì. Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní àdúgbò mi ti ń sè é báyìí. Inú ewé ni tibí yìí wà, òórùn ewé náà sì mú un dùn sí i. Mo jẹ méjì, mo tún ra ẹyọ kan sọ́wọ́.

Aláàjì kan tó ti ń darúgbó ló gbé wa láti Ìkìrun lọ sí Inísà. Oṣù Kọkànlá ni, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan sì bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ó ga ju èèyàn lọ. Ó lẹ́wà púpọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, mo bá bi Aláàjì pé kí ni wọ́n ń pè é níbí.

"Sanfuláwà ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá mi ní nígbà táwọn wà ní kékeré, kò sí níbí rárá. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ràn òdòdó ló kọ́kọ́ gbìn ín síwájú ilé wọn. Ẹ wá wò ó báyìí. Tí mo bá fi oko iṣu mi sílẹ̀ lọ́dún kan péré, òun ló máa gbà á. Ẹ gé e lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti yọ."

"Ta ló gbé e wá gan-an?"

"Ta ló mọ̀, ọ̀gá? Ẹni tó gbé e wá ò rò ó níbi. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn."

Mo kọjú sí fèrèsé. 

Ìdí tí mo fi sọ̀ ní Inísà ni Délé, tí a jọ kàwé olùkọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fi àwọn fọ́tò tí ọmọ àdúgbò Màmá yà ránṣẹ́ sí mi hàn án. Ó wò wọ́n, ó fi ìka fẹ ọ̀kan lójú.

"Káyọ̀, níbo ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ti wá?"

Mo sọ fún un.

"Àrùn ni. Òun ló ń mú kí ewé kéré, kí ó sì ṣù jọ sórí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò wá láti ilẹ̀ wa níbí, ibòmíràn ló ti wọlé. Mo gbọ́ pé ó ti ba oko àwọn kan jẹ́ lápá ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i lágbègbè yìí rí. Kòkòrò kéékèèké kan ló ń gbé e láti ìdí kan sí èkejì. Láti ìlú sí ìlú, èèyàn ló ń gbé e."

"Ṣé kò lóògùn ni?"

"Kò ní. Ẹ kọ́kọ́ fín apakòkòrò sí i, kí kòkòrò yẹn má baà sá lọ sórí òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ hú u tìdítìdí, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó rà síbẹ̀. Ẹ má gbé ohunkóhun jáde lóko." Ó gbé páǹpù tí wọ́n fi ń fín oògùn fún mi, ó wá béèrè pé, "Màmá ò tíì fún ẹnikẹ́ni nínú ọmọ rẹ̀, àbí?"

Mo mọ Màmá. Wọn kì í ní nǹkan kí wọ́n má fún èèyàn.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé Òkukù. Màmá ti gún iyán dè mí. Mo jẹ ẹ́, a sì jọ lọ sóko.

Àwọn mẹ́fà tí mo gbé wá ti di ìdí ńláńlá, ṣùgbọ́n ewé wọn kéré, ó le, etí rẹ̀ pọ́n. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan lórí wọn. Yí wọn ká, àwọn ti Màmá àtijọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àrùn náà.

"Màmá, àrùn ló wà lára wọn. Èmi ni mo gbé e wá."

Wọ́n wò mí. "Ṣé o mọ̀ nígbà tí o ń gbé e bọ̀?"

"Rárá o, Màmá."

"Mélòó la máa hú?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

Wọ́n rìn lọ sídìí kan tó wà létí odò. "Èyí ńkọ́? Ọdún tí a kọ́ ilé ni bàbá gbìn ín."

Mo wo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàrin rẹ̀. Ó ti ń ṣù jọ. "Òun náà, Màmá."

Wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n ń wo odò.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn lébìrà méjì fín oògùn, a dúró títí ó fi gbẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú u. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ọwọ́ wa di dúdú. Nígbà tí a dé ìdí tó wà létí odò, Màmá gba àdá lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn fúnra wọn ló gé e, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń gé e. Mo dúró tì wọ́n bí ẹni tí kò níṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n sọ fún mi pé èèyàn mẹ́rin ni àwọn ti fún lọ́mọ rẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni gbogbo wọn. Mo ṣèlérí pé èmi ni màá dìde sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìkéde, pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Mo di bẹ́ńṣì iwájú mi mú. Mo wo gbogbo orí tó wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré. N kò dìde. Màmá ló dìde.

"Ẹ̀yin ará, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fún yín, àrùn ń bẹ lára rẹ̀. N kò mọ̀. Ẹ dákun, ẹ hú u. Ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ hú u."

Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Màmá, tèmi ti so! Ta ló tiẹ̀ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá fún yín?"

Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi ni mo gbé e fún yín," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Èmi náà sì jókòó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án, àwọn mẹ́ta wá wo oko tó ti di ahoro, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn yóò hú tiwọn. Ọkùnrin yẹn kò wá. Màmá di èlùbọ́ fún mi, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn yóò fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi.

Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó délé. Ìyàwó mi béèrè bóyá Màmá bínú sí mi. Mo ní rárá, ó dà bí ẹni pé ó sàn kí wọ́n bínú. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ṣòro: ohun tó bá ní gbòǹgbò, kí èèyàn béèrè ibi tó ti wá kó tó gbé e lọ fún ẹni tó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn dá oko Màmá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Òkukù tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, kì í ṣe Màmá. Èmi Káyọ̀dé ni mo gbé e wá.