Ohùn Màmá Òkè

Láàárọ̀ Sátidé, ohùn ló máa ń jí wa nílé tí a kọ́kọ́ gbé ní Taradale, nílùú Calgary. Inú basement, yàrá abẹ́ ilé, la wà, Dádì, Mọ́mì àti èmi, ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọlé sì wà lára àjà, lókè orí bẹ́ẹ̀dì mi gan-an. Ibẹ̀ ni ohùn náà ń gbà wá, pẹ̀lú òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kùn, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á dé ibì kan, á já. Á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mọ́mì rò pé àdúrà ni. Wọ́n ní kí n má pariwo, pé ìyá tó wà lókè ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Àdúrà kọ́. Ìyá tó ni ilé náà ló ń na ohùn wọn, bí àwọn eléré ìje ṣe ń na ẹsẹ̀ kí wọ́n tó sáré. Nora lorúkọ wọn, ará Ireland ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọkọ wọn sì ti kú. Mọ́mì ò lè máa fi orúkọ pe ẹni tó dàgbà ju ìyá tó bí wọn lọ, ni a bá sọ wọ́n ní Màmá Òkè, torí pé òkè orí wa ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí a sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, inú wọn dùn. Wọ́n ní nínú gbogbo orúkọ táwọn ti jẹ́ lórí ìtàgé, kò sí èyí tó bá àwọn lára mu tó yẹn.

Òṣèré àti olórin ni wọ́n. Bí Mọ́mì bá ti lọ síbi iṣẹ́ wọn nílé àwọn arúgbó, mo máa ń gun òkè lọ, wọ́n á gé búrẹ́dì fún mi, wọ́n á fi bọ́tà tó nípọn sí i, wọ́n á sì máa sọ ìtàn. Ìlú àwọn apẹja kan létí òkun ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá wọn ló ń tún àwọ̀n tó bá ya ṣe. Lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń fi lọ́rì kó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣe ìyá àgbà, wọ́n ń ṣe ọmọge, wọ́n tún ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tó ń yan òṣèré yin orin wọn gan-an. Ó wá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní pẹ̀lú ẹnu yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ayé. Ọdún méjì gbáko ni Màmá Òkè fi dúró níwájú dígí tí wọ́n ń yọ ìlú wọn kúrò lẹ́nu ara wọn. Iṣẹ́ sì dé. Wọ́n ṣe eré lórí rédíò, wọ́n ṣe olórí òṣèré nínú eré olórin kan fún ọdún méjì, wọ́n ya àwòrán ojú wọn gàdàgbà sára ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ṣe fíìmù kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ènìyàn tó jókòó dáadáa, àwọn ti kú nínú rẹ̀.

Eré ló gbé wọn wá sí Calgary. Inú snow ni wọ́n balẹ̀ sí láìní ìbọ̀wọ́, ọkùnrin tó ń tan iná ní tíátà sì bọ́ tirẹ̀ fún wọn. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àìsàn mú Màmá Òkè lọ́nà ọ̀fun, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ohùn òkè kò sì padà wá mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń wá a ní gbogbo Sátidé. Wọ́n ní àwọn ò wá a, àwọn kàn ń lọ kí i ni.

Dádì mi jẹ́ ẹnjiníà páìpù ní Warri tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lábẹ́ wọn. A dé pẹ̀lú PR, ìwé àṣẹ ìgbélùú, Dádì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí ní warehouse. Interview máa ń wá lórí fóònù. Bí inú Dádì bá ti dùn sí ìbéèrè kan báyìí, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́nu wọn, ẹni tó wà lódì kejì á máa ní “Sorry? Sorry?” Mọ́mì a máa sọ pé, “Bàbá Mojí, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.” Iṣẹ́ kan ò wá.

Ọdún yẹn náà ni mo ṣe ohun tí mi ò tíì gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Dádì wá rí tíṣà mi nílé ìwé, wọ́n béèrè nípa ìṣirò mi. Tíṣà na ọrùn síwájú, kò gbọ́. Kí Dádì tó tún un sọ, mo ti gba ọ̀rọ̀ náà: “My dad means…” Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni tíṣà ń wò. Dádì fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n dákẹ́. Èmi rò pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Lẹ́yìn interview kan tó tún bàjẹ́, Màmá Òkè sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú odidi búrẹ́dì kan. Wọ́n ní kí Dádì má bínú, ihò àjà yẹn kì í bo àṣírí. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ yín dára. Ẹ ò kàn jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ rí i mú ni.” Wọ́n ní àwọn lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè rọra. Dádì dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á rò ó. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Dádì ní ẹnu yìí kan náà làwọn fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́. Mọ́mì ò bá wọn jiyàn. Ọjọ́ Sunday tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú Dádì, wọ́n ní, “Ẹ lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bí kò bá wúlò, ẹ sọ̀kalẹ̀.”

Dádì gòkè. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Màmá Òkè ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ìwé ńlá kan lé wọn níkùn, wọ́n ní kí wọ́n máa fi èémí gbé e sókè. Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí èmi náà dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Dádì a máa ka ìwé ìròyìn sókè, bí gbólóhùn kan bá parí, wọ́n á dúró, Màmá Òkè á gbọ́wọ́ sókè títí Dádì á fi mí.

Ní Sátidé kẹta, Dádì jáde lọ fi ṣọ́bìrì kó snow iwájú ilé. Mo sún mọ́ Màmá Òkè, mo sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Can you make him sound like the people on TV?”

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì wá sórí tábìlì, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì kan sí i. Ọmọbìnrin kan ń kọrin, ó dá a dúró, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Obìnrin kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ bíi gíláàsì. Wọ́n ní èèyàn mélòó ni. Mo ní méjì.

Wọ́n ní, “Èmi ni àwọn méjèèjì.” Wọ́n wá sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eré wọn sórí rédíò, wọ́n fóònù ìyá wọn nílé. Ìyá wọn ní àwọn gbọ́ eré náà dáadáa, pé obìnrin tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. “Ó wá bi mí pé, ‘Nora, ìgbà wo ló máa kàn ẹ́?’”

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ní rárá, iṣẹ́ làwọn ń wá, àwọn sì rí i. “Ṣùgbọ́n Dádì rẹ ò ní sanwó tí mo san. Mo máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí. Mi ò ní mú nǹkan kan lẹ́nu wọn.”

Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Dádì ti kó snow tiwa tán, wọ́n ń kó ti aládùúgbò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún wọn pé mi ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn mọ́ níwájú tíṣà. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbàgbé orúkọ tíṣà yẹn, kó o rán mi létí.”

Interview méjì sí i ò yọrí sí rere. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti iléeṣẹ́ kékeré kan ní Okotoks, ìlú kan nítòsí wa. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ bí Dádì ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn máa ń yára sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ bá dùn mọ́ àwọn, bí wọn ò bá gbọ́, kí wọ́n ní kí àwọn tún un sọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lódì kejì, ó ní kò sí wàhálà. Lókè, kò sí ìró ẹsẹ̀, kò sí ìró kẹ́tùlù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Dádì síṣẹ́. Mọ́mì gòkè lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́, Màmá Òkè rò pé wọ́n ṣubú ni, wọ́n ń sáré fà wọ́n dìde.

Ní Okotoks náà ni Dádì ti rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, pé ẹgbẹ́ eré ìlú náà ń wá ẹni tó máa ṣe ìyá àgbà. Dádì sọ fún Màmá Òkè, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun àwọn ò gbà á mọ́. Dádì ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn gbé mọ́tò jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ́ kó gbóná, wọ́n sì ń dúró. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Màmá Òkè tó jáde pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Dádì ń gbé wọn lọ fún ìdánrawò.

Lọ́jọ́ eré, ẹnu ìlú àwọn apẹja yẹn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ẹnu tí wọn ò tíì gbé dé orí ìtàgé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nínú lọ́rì. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn kọ. Ó gòkè, ó dé ibi tó máa ń já, ó já. Wọn ò díbọ́n. Wọ́n rọra sọ èyí tó kù bí ẹni ń sọ fún ọmọ. Mo wo Dádì. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

Ìgbẹ̀yìn eré wọn nìyẹn. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n ta ilé, wọ́n padà sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò wọn ní Ireland. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, àdúgbò Mahogany ní Calgary ni mò ń gbé, kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ “Sorry?” sí mi níbi iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá gbà pé mo ti ṣàṣeyọrí. Ó rò pé ẹni tí wọ́n bá ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ mi ń bọ̀. Bí mo bá fóònù ẹ̀gbọ́n Dádì ní Ìbàdàn, Yorùbá mi máa ń kọsẹ̀, àmì ohùn á bọ́ síbi tí kò yẹ, wọ́n á ní, “Kí lo wí, Mojí?” Mo máa ń mí. Mo máa ń tún un sọ. Wọ́n sì máa ń dúró gbọ́ mi tán.