Fọ́ọ̀mù Tí Bàbá Joel Buwọ́ Lù

Owú ni Adékúnlé ń jẹ lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ jẹ́ ká má wá orúkọ mìíràn fún un. Àgbà ọkùnrin, alàgbà nínú ìjọ, tó ní iṣẹ́ tó dáa lọ́wọ́, ó ń jowú ọmọ tó ti jẹ ẹ̀bà nílé rẹ̀ rí ní Hyattsville, l'Amẹ́ríkà, tó ti sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Déolú lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan nínú ìjọ wọn.

Déolú kì í ṣe ọmọdé mọ́ o. Ọdún 2008 là ń sọ, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń wọ akoto gbá, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbá ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ mọ́lẹ̀ kó tó ráyè kọjá, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìdajì jésì tí èèyàn ń rí ládùúgbò. Ẹgbẹ́ tó ń gbá a fún, ibẹ̀ náà ni Adékúnlé ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Ìwé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́rin tí ọmọ náà tọwọ́ bọ̀ máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọn ò bá rí tuntun fún un títí di ọjọ́ náà, ibi tó bá wù ú ló lè gbà lọ.

Káàpù ni wàhálà ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní káàpù ni iye kan tí owó gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dún. O lówó o, o ò lówó o, òfin kan náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jessica, ọ̀gá Adékúnlé, wọlé wá bá a.

"Mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ló ń dà wá láàmú. Bí a ò bá rí àyè yẹn, a ò lè dá Déolú dúró. Bá mi wá a. Mo fún ọ di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀."

Iṣẹ́ náà ò tiẹ̀ gba Adékúnlé ní ogún ìṣẹ́jú. Felix, àgbà agbábọ́ọ̀lù kan, máa gba mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún yẹn. Bí wọ́n bá sọ owó oṣù rẹ̀ di owó ìtọwọ́bọ̀wé, Felix á gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé káàpù, wọ́n á pín in sí ọdún mẹ́ta tó kù nínú àdéhùn rẹ̀: méjì lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀, méjì lẹ́yìn ìyẹn. Mílíọ̀nù mẹ́rin á ṣófo. Ó pé gẹ́lẹ́! Adékúnlé kọ ọ́ sórí pépà kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì tì í sápò kóòtù. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kó máa lọ. Kó lọ jìnnà, kí ojú mi sinmi."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́. Ọdún méjìlá ṣáájú, ọkọ Sẹ̀gilọlá kú, ó lọ sìnkú rẹ̀ n'Ìbàdàn, ó sì fi Déolú sílé Adékúnlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun àti Joel, ọmọ Adékúnlé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì mú fọ́ọ̀mù wálé pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ buwọ́ lù ú kí wọ́n lè wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé. Tíṣà tó ń kọ́ wọn léré ti fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Joel pé ọmọ yìí ló yára jù nínú gbogbo wọn. Adékúnlé kà á. Ó buwọ́ lu ti Déolú, ó sì fa ti Joel ya.

"Ìwọ, ìwé lo máa kà. Ṣé nítorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe kó yín wá sí Amẹ́ríkà?"

Joel kàwé lóòótọ́. Apoògùn ni lónìí ní Camp Springs, ó ń rówó ná. Ṣùgbọ́n bó bá fi máa wá sílé àwọn òbí rẹ̀, ọjọ́ tí Déolú bá ń gbá bọ́ọ̀lù ni, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ á máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ohun tó ń ta Adékúnlé lára gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá Joel, ẹ bá mi fi àdúrà gbé e o. Ẹgbẹ́ kan ní California ń pe Déolú. Òun nìkan ni mo bí. Ilé oníyàrá márùn-ún tó rà fún mi ní Brandywine, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tó bá lọ?"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, ẹ mọ èyí tí Adékúnlé gbọ́? Yàrá márùn-ún! Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é, Ìyá Déolú." Pépà wà lápò rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ò rí ayé bí?

Joel ti wà nílé nígbà tó dé; ó ti gbọ́ pé Déolú lè lọ, ìyẹn ló gbé e wá láìjẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Ó gba kóòtù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kó bá a gbé e kọ́, pépà náà sì já bọ́. Ó ṣí i. Ọmọ tó mọ ìṣirò ni, kò sí ohun tí wọ́n máa ṣàlàyé fún un.

"Dádì, ìgbà wo lẹ ti rí èyí?"

"Lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé ẹ ti fún wọn?"

Adékúnlé nawọ́ sí pépà náà. Joel jókòó, ó wá béèrè ohun tí kò béèrè láti ọdún méjìlá.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi buwọ́ lu ti Déolú, tẹ́ ẹ wá fa tèmi ya?"

Irọ́ ò yá Adékúnlé lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Olódo ni mo pè é. Mo rò pé kò sí ohun tó máa dà lọ́nàkọnà, kó kúkú lọ máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìwọ ni mo rí ohun tó dáa lára ẹ."

Joel gbé pépà náà lé orí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ẹ lọ fún wọn." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì jáde.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Jessica gba pépà. Felix gbà tayọ̀tayọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Déolú tọwọ́ bọ̀wé tuntun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Sẹ̀gilọlá jáde wá dúpẹ́. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó yọ pépà kan tó ti pọ́n jáde. Àṣé ó ti gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yẹn nílé ìwé, ó sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà!

"Ẹ wá wo ẹni tó buwọ́ lù ú! Èmi gan-an ì bá má gbà. Bàbá Joel ló rí ògo ọmọ mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí i."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n fa Adékúnlé síwájú, wọ́n fi máíkì sí i lọ́wọ́. Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ẹ sọ fún wa, kí lẹ rí lára ọmọ náà nígbà yẹn?"

Joel wà ní ìlà kẹta. Ó káwọ́ gbera, ó ń wojú bàbá rẹ̀.

Adékúnlé ní, "Mi ò rí nǹkan kan."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!" Àtẹ́wọ́ tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Joel nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.