Ìyá Tí Kì í Ká Kásẹ́ẹ̀tì Padà

Òórùn kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná jáde nínú ẹ̀rọ kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Ìbà nígbà yẹn, fíìmù ni mo fi ń yá àwọn èèyàn, kó tó di pé fóònù gbé sinimá wọ àpò oníkálukú. Tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ fídíò kan àti bẹ́ǹṣì méjì ni mo ní, fún àwọn tí kò ní ẹ̀rọ nílé tí wọ́n sì fẹ́ jókòó wò ó níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹni tó bá yá kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ká a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí òmíràn yá lọ́sẹ̀ náà. Mi ò fẹ́ kí kíká kásẹ́ẹ̀tì gbogbo àdúgbò pa ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí mo ní. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, mo tún fẹ́ràn òfin náà fúnra rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá ara mi ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Fíìmù tí wọ́n ń béèrè jù lọ́wọ́ mi kì í ṣe tuntun rárá. Ti gbajúmọ̀ obìnrin kan ni, tó ń kọrin tó sì ń ṣeré, láyé ìgbà tí àwọn òṣèré ṣì máa ń kó sínú lọ́rí láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n máa ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn kí èèyàn lè wo sinimá. Kò sí ẹni tó dàgbà nígbà náà tí kò mọ ohùn rẹ̀. Lójijì ló kúrò lójú eré, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo agbègbè Òjó, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Olórí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni baba awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ti Okokomaiko rìn wá ní ọ̀sán. Ojoojúmọ́ ni òun àti télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi máa ń jiyàn lórí ibi tí obìnrin náà wà.

“London ni wọ́n wà, mo sọ fún yín! Drẹ́bà ẹlẹgbẹ́ mi ló gbé wọn lọ sí éápọ́ọ̀tù.”

“Baba, wọ́n ti kú tipẹ́,” ni télọ̀ máa ń dá a lóhùn. “Ẹ jẹ́ ká máa sọ pé kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.”

Ẹnì kan wà tí kì í dá sí ìjà yìí. Ìyá Aláṣọ Funfun ni gbogbo wa ń pè é, àgbàlagbà tó ń rìn láìwọ bàtà nínú sùtánà, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìjọsìn wọn lọ́nà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Á jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, á rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́yìn náà á yá fíìmù yìí kan náà lọ sílé. Nígbà tó bá sì dá a padà, kò ní tíì ká a. Ibì kan náà ló máa ń dúró sí: ibi tí obìnrin olórin náà ti ń fi orin rẹ ọmọ lẹ́kún, tí ọmọ náà dákẹ́, tó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi òfin dè é, ó lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé, ó padà wá, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ó ń fojú di mí ni.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá níṣojú àwọn oníbàárà. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ọmọ yẹn ló yọjú. Ni mo bá fárí gá.

“Màmá, ṣé ẹ ò rí ohun tí mo kọ sára ògiri ni? Every time, ibì kan náà! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni kọ́sítọ́mà mi ni?”

“Má bínú, ọmọ mi,” ló wí, ó sì wolẹ̀. “Ọwọ́ mi kì í gbé e ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ìbínú ni mo fi tẹ bọ́tìnì tó ń ká kásẹ́ẹ̀tì padà, bẹ́ẹ̀ ìbínú kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kérora, ó sì gbé téèpù náà mì níbẹ̀ gan-an. Ìgbà tí mo fi máa fà á yọ, ó ti rún wómúwómú. Ìyá náà ni mo sì di ẹ̀bi rù.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún kásẹ́ẹ̀tì ṣe ní Aláàbà, ọmọ Íbò kan tí Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní ibi tó rún yẹn kò ṣe é wò mọ́, àfi kí òun gé e kúrò, kí òun so ìyókù pọ̀. Mo ní kó gé e, kó ṣáà ti máa ṣiṣẹ́. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì mi délé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Baba awakọ̀ ló kọ́kọ́ jókòó wò ó. Nígbà tí eré dé ibẹ̀, àwòrán fò bí ẹni fo gọ́tà, ó bọ́ sí ibòmíràn.

“Ẹ dúró ná. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún dà?”

Ìyá Aláṣọ Funfun ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó wá yá a ni. Ó káwọ́ lérí. “Ọmọ mi dà?” ló wí.

Mo fi òmùgọ̀ mi dá a lóhùn pé kò sí ọmọ kankan níbí. Ó jókòó sí ìloro, ó pa apá méjèèjì pọ̀ bí ẹni gbé ìkókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ibi tí a gé kúrò náà, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ohùn náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n òun náà ni. Baba awakọ̀ dìde, ó wò ó, ó wò ó, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Obìnrin tí à ń pa, tí a tún ń gbé lọ sí London, àárín wa ló ń jókòó sí.

“Ọmọ tí wọ́n yá wá ṣeré lọ́jọ́ náà ń ké ṣáá ni,” ló sọ fún wa. “Ni mo bá gbé tèmi. Kò pé ọmọ ọdún méjì tó fi kú, èmi náà sì fi eré sílẹ̀. A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí i. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni mo máa ń pa á sí. Tí mo bá ní kó máa sá padà sẹ́yìn, á dà bíi pé èmi ni mo lé e lọ.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè tọrọ àforíjì. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí Aláàbà, omijé ń bọ́ lójú mi bí a ti ń lọ. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má tíì sun pàǹtí ọjọ́ náà.

“Madam, calm down,” ni ọkùnrin náà wí. “I no dey throw am away. Tí mo bá gé téèpù, orí ìṣó ni mo máa ń gbé e kọ́, kí kọ́sítọ́mà má baà sọ pé mo jí i.”

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí ìṣó, láàárín téèpù àwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì ló fi rọra ń nà án pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ kó tó so ó padà. Nígbà tí a wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ìlà ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò, ohùn ń wá ń lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. A dúpẹ́ pé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló dìde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baba awakọ̀ ní orin rẹ̀ ló gbé òun dé ibi púpọ̀ tí oorun ì bá ti pa òun lórí ọkọ̀. Télọ̀ tó ti sin ín lẹ́nu lọ́pọ̀ ìgbà kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, èmi náà kúnlẹ̀. Ìyá náà wí fún mi pé, “Tó ò bá bà á jẹ́, ta ni ì bá mọ̀ mí? Dìde.” Mi ò yọ páálí òfin mi kúrò lára ògiri o, orí mi ṣì le. Ṣùgbọ́n mo fi báírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: àfi Ìyá Aláṣọ Funfun.

Ọ̀pọ̀ oṣù ló tún fi ń yá a, ó ń dá a padà ní ibi ẹ̀rín ọmọ náà, èmi náà ń fi sùúrù ká a. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbé e wá, ó gbàdúrà fún mi, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìgbà tí baba awakọ̀ fẹ́ wò ó ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ká a padà. Èmi àti baba wo ara wa. Kò pé oṣù kan tí ìròyìn fi dé pé ó ti sùn nínú Olúwa.

Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́jú fóònù, baba awakọ̀ pàápàá ti lọ, àwa tó kù sì máa ń pàdé nílé télọ̀ láti kọ orin rẹ̀. Mo ń dúpẹ́ pé ó dárí jì mí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin Aláàbà àti ìṣó rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ mi. Kí ẹ̀rọ mi tó kú pátápátá, mo fi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín ni mo dá a dúró sí, mi ò sì ká a padà.