Níbi Tí Ẹní Ti Le

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra ni Tísà Cabuenas dá ìwé Salome Abaincia padà fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fi báírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan náà sísàlẹ̀ rẹ̀: "Níbo lo wà nínú èyí?"

Salome kì í ṣe olódo. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ti ń ṣe ipò kìíní láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Basey, ìlú wọn. Iṣẹ́ tí Tísà fún wọn kò sì le lójú. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn a ka ìtàn kúkúrú tàbí ewì kan tí ọmọ ilẹ̀ wọn kọ, wọn a kọ ohun tí ó ṣe wọ́n nínú nígbà tí wọ́n ń kà á, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, oníkálukú a dìde dúró, a ka tirẹ̀ sétí gbogbo kíláàsì. Tísà ti sọ ọ́ yékéyéké pé òun kò béèrè ẹ̀kọ́ tí ìwé kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìwé kọ́ni ni wọ́n ti ń bi Salome láti kékeré, òun náà ló sì mọ̀ ọ́n dáhùn. Nígbà tí wọ́n ka ìtàn apẹja tó gbé lẹ́tà àbúrò rẹ̀ pamọ́ títí àbúrò fi kú, ó kọ ọ́ pé òtítọ́ dára ju irọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ka ti ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ta ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń ro oko, ó kọ ọ́ pé ó yẹ kí á máa tọ́jú ẹran ọ̀sìn dáadáa.

Ivy Balasbas, tó jókòó níwájú rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Salome, ṣé ẹfọ̀n yẹn ló bá ẹ kọ ọ́ ni?"

Ewì ni ìkẹrin. Ìyá arúgbó kan jókòó síta gbangba nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń hun ẹní, ojú rẹ̀ mú bí ojú àwòdì, ìka rẹ̀ kì í ṣìnà. Tísà pe Salome sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí ló kẹ́yìn. Bí mo bá tún wá ẹ tì nínú ẹ̀, òdo ni. Mi ò sì lè kọ lẹ́tà fún ẹni tó gba òdo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Tacloban. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Salome mọ ibi tí òun wà nínú ewì náà. Kò ṣeé sọ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Manila. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí, Mercedes, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Apoy Cedes, nítorí apoy ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Ẹní ni Apoy ń hun. Koríko tikog ló fi ń hun ún, tó ti sá gbẹ, tó ti sè nínú aró, tó ti fi igi lù pẹlẹbẹ. Nínú ihò àpáta tó tutù lẹ́yìn ìlú, níbi tí koríko náà kì í ti í gbẹ jù, lòun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń jókòó hun ún. Ó tó ọdún kan báyìí tí Apoy ti ń sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ ti jìn jù, tó sì ń hun tirẹ̀ nílé. Ọ̀nà náà kò jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òkùnkùn inú ihò náà ni kò gba ojú rẹ̀ mọ́.

Lára ẹní ìgbéyàwó kan ni Salome ti kọ́kọ́ rí i: àwọ̀ elésè àlùkò níbi tó yẹ kí àwọ̀ aró wà, àti ibi tí koríko kan ti fo méjì dípò ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù tí Apoy bá lọ ka rosárì, Salome a kúnlẹ̀ sídìí ẹní, a tú ibi tó ṣì, a tún un hun. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àǹtí Bebing, àǹtí Ivy, ló ń kó ẹní gbogbo àwọn obìnrin náà lọ tà. Bí ó bá gbọ́ pé ojú Apoy ti ń lọ, kò ní gbé iṣẹ́ wá mọ́, Apoy kò sì ní ohun mìíràn tó ń jí sí láàárọ̀.

Lọ́jọ́rú, òjò ń rọ̀, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, Salome ṣí ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Apoy ní, "Kí ni ìwé yẹn ṣe fún ẹ tó o fi ń wò ó bí ẹja tó ti rà?"

"Ewì ni, Apoy."

"Kà á kí n gbọ́."

Ó kà á. Ìlà kejì ni Apoy ti gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. Níbo ló ní ó jókòó sí?"

"Nínú oòrùn, Apoy."

Apoy rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹni yẹn ò fọwọ́ kan ẹní rí láyé ẹ̀! Tikog nínú oòrùn? Ṣebí á máa ṣẹ́ bí eegun ẹja ni. Àwa tá à ń lọ sínú ihò àpáta, ó rò pé à ń bá àdán ṣọ̀rẹ́ ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Tún un kà."

Lẹ́ẹ̀kejì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìka tí kì í ṣìnà, ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá yẹn, ṣé kò ní ọmọ-ọmọ nílé ni?"

"Ewì náà ò sọ, Apoy."

"Èyí tó máa ń tú iṣẹ́ ẹ̀ bó bá lọ ka rosárì."

Salome kò lè gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹní ló sọ fún mi. Ojú mi ló ń lọ, ọwọ́ mi ò tíì lọ ibì kankan. O máa ń fà á le jù, bí ọwọ́ ahun. Láràárọ̀, bí mo bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹní, mo ti mọ ibi tó o jókòó sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Bí mo bá sọ ọ́, o lè ṣíwọ́." Ó mú ẹja rẹ̀, ó ń yọ eegun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o ṣíwọ́."

Nígbà náà ni Salome sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Tísà, ti lẹ́tà, ti Ivy tó máa gbọ́ tí Àǹtí Bebing náà á sì gbọ́. Apoy jẹ ẹja náà tán.

"Kọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ̀. Kí wọ́n má lọ máa rò pé ọmọdé kan ló tan àgbà jẹ. Kó o sì kọ ti oòrùn yẹn síbẹ̀ pẹ̀lú."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Salome dìde. Ó kà á pé inú bí òun sí ìyá inú ewì, nítorí ojú tirẹ̀ mú. Pé òun ti ń purọ́ fún ìyá àgbà òun fún ọdún kan gbáko, ìyá àgbà òun sì ń fi ọwọ́ ra irọ́ náà láràárọ̀, kò sì bínú. Ó ní ìgbà yìí ni ìtàn apẹja tó gbé lẹ́tà pamọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa òun lẹ́kún. Ivy kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó.

"Nínú oòrùn," Tísà Cabuenas wá béèrè, "ó máa ń ṣẹ́ lóòótọ́?"

"Ó máa ń ṣẹ́, mà."

Ó ṣí ìwé ewì tirẹ̀, ó sì kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kejì. Nígbà tó dá ìwé Salome padà, kò sí báírò pupa kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tó ń lọ sí Tacloban ló wà láàárín rẹ̀.

Àǹtí Bebing dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó fọwọ́ ra ẹní tó wà nílẹ̀ títí, ó ní ẹní ńlá ti tó fún Apoy, kí ó máa hun kékeré, aláwọ̀ méjì péré. Ọ̀rọ̀ náà dun Apoy.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Apoy fọwọ́ lu ilẹ̀ lápá kejì ẹní.

"Wá jókòó síbí. Èyí tó o máa ń yọ́ ṣe nírọ̀lẹ́ yẹn ti tó. Kó o sì dẹ ọwọ́."

Salome jókòó, ó sì dẹ ọwọ́ bó ṣe lè dẹ̀ ẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n hun ún dé ìdajì, Apoy na ọwọ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibi tí Salome hun.

"Ó ṣì le," ló wí, kò sì tú u.