Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ìyá Ọmọ

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀ ṣì wà bí ìyàwó mi ṣe tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ dúlà ló ń ṣe: òun ló máa ń dúró ti aboyún títí yóò fi bímọ. Kì í fẹ́ wakọ̀ lójú títì ńlá, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí Norcross àti Lawrenceville, ní Amẹ́ríkà níbí. Bí mo bá ti rí i tó ń jáde bọ̀ láti ilé ìwòsàn, mà á na ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì fún un, mà á sì bi í pé:

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ìyàwó mi á ní, "Daddy, ẹ ò béèrè ìyá rẹ̀. Ṣé ọmọ ló bí ara rẹ̀ ni?"

Nígbà kan, aboyún kan ní orí ń fọ́ òun, nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan. Ìyàwó mi kò jókòó títí wọ́n fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí wọ́n sáré pe dókítà. Ó sọ fún mi pé, "Tí obìnrin dúdú bá ní ó ń dun òun níbí, àfi kí ẹnìkan bá a tún un sọ."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wa lọ bí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti dúró tì í. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí níta ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ pè mí, ó ń pariwo: "Daddy, obìnrin ni!"

"Ṣé ọmọ ló bí ara rẹ̀ ni?"

Ó gbé fóònù, tó ti wà lórí sípíkà, fún ìyàwó rẹ̀.

"Mo wà o, Daddy," ni ọmọ mi wí. "Ọ̀rọ̀ Mummy lẹ sọ yẹn."

Mo na ọwọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì.