Ewúrẹ́ Tí Kò Dé Tábìlì Zdeňka

Ní ọ́fíìsì wa ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè Czech, a ń ṣe ohun èlò kan tí ń di ètò kọ̀ǹpútà sínú ohun tí à ń pè ní àpótí, tí ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí yóò ti ṣiṣẹ́. Zdeňka ló ń tọ́jú àwọn ìdánwò tí ẹ̀rọ fi ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ba nǹkan jẹ́ nínú ètò náà, iná pupa á tàn lára ògiri, a ó gbé ewúrẹ́ ìṣeré kan sórí tábìlì ẹni náà, òun náà yóò sì ra kéèkì fún gbogbo wa.

Zdeňka kì í ṣàṣìṣe. Ludvík, ọ̀kan nínú wa, ń ṣàṣìṣe ṣáá, gbogbo ènìyàn á sì rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa jẹun. Zdeňka á jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò wọ́n, á máa jowú títí kọfí rẹ̀ á fi tutù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó yan kéèkì wá láti ilé, ó fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlà ètò kan tí kò tọ̀nà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Iná pupa tàn.

"Ludvík, o tún ti dé!" ni Radka, akẹgbẹ́ wa, kígbe.

"Èmi kọ́ o! Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan láàárọ̀ yìí."

"Èmi ni," ni Zdeňka wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbèjà rẹ̀ mọ́, ẹ ti kẹ́ ẹ jù!"

Radka gbé ewúrẹ́ fún Ludvík, wọ́n sì tún rọ̀gbà yí i ká. Zdeňka tún ìlà náà ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé kéèkì rẹ̀ padà sílé láìgé e.