Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ephraim Kò Tú

Ephraim Kọ́mọláfẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ "ṣùgbọ́n" nínú ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá ní, "Mo fẹ́ fọ abọ́, ṣùgbọ́n...", á gbé ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ó ní ibi tí ṣùgbọ́n bá ti wọlé, ìgbọràn ti jáde. Ta ló máa bá a jiyàn? Díákónì ni, ó sì le ju ìrókò tó fi ń kan ilẹ̀kùn lọ.

Káfíńtà ni. Ìperu ni wọ́n bí i sí, Ìkẹ́nnẹ́ ló wá kọ́lé sí, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọ rẹ̀ tó wà nítòsí ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ń dún níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀, "Ẹ pe Bàbá Ellen" ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, olùkọ́ òyìnbó kan tó ti Amẹ́ríkà wá kọ́ ọ ní jìtá, ó kọ́ ọ ní orin kọ́ńtírì ìlú tirẹ̀, orin àwọn darandaran tí ọkàn wọn ń fà sílé. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ, ó fi jìtá náà sílẹ̀ fún un. Orin yìí wọ Ephraim lára gan-an. Á máa fi Yorùbá kọ ọ́ bó ṣe ń fági. Nígbà tí Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú, tó wá ku òun àti Ellen ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé, kò mọ ohun tí bàbá ń bá ọmọbìnrin sọ, ló bá gbé jìtá lé e lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ta okùn tó nípọn, kó máa dún bí ẹṣin tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sílé. Ọdún gorí ọdún, báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Káàdì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n tẹ aago tí oòrùn máa wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Bí aago yẹn bá ti lù ní ọjọ́ Ẹtì, Ephraim á gbé ayùn kọ́, á pa rédíò, jìtá á wọ àpò. Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, torí Sátidé ni Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ wọn. Nítorí náà, nígbà tí Ellen sọ lọ́dún 1994 pé òun fẹ́ lọ sí Èkó, kí òun lọ díje nínú ètò orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ta Ló Lóhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ bá a sọ.

"Lọ. Ọlọ́run á ṣe é lọ́nà rere fún ọ. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fi Ọjọ́ Ìsinmi kọrin fún èrò."

Ellen kúnlẹ̀. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Sátidé kan, Ephraim ń ka Bíbélì ní pálọ̀, ni Sàrátù, ìyàwó Yúnúsà olóbì tí wọ́n jọ pín ògiri, bá sáré wọlé láìbọ́ bàtà.

"Bàbá Ellen! Ẹ ká lọ ulé wa kíá! Ellen ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń kọrin lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí! Wọ́n ní òun ló gbégbá orókè!"

Ephraim wo aago. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ó wo káàdì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Oòrùn kò ní í wọ̀ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù.

"Ẹ ṣé, ìyá wa," ló wí. Ó padà sídìí Bíbélì rẹ̀, àmọ́ kò rí ẹsẹ kankan kà mọ́.

Ẹ̀yin náà á ní, ta ni kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ká nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n? Ephraim ni kò mọ̀. Kò ní tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù nìkan ló ti wò rí lọ́dọ̀ Yúnúsà, àwọn tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbá a. Nínú ìjọ, àwọn kan mọ̀ dáadáa pé ètò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni Ta Ló Lóhùn. Àmọ́ ta ló fẹ́ dìde láàárín ìjọ kó wá sọ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́rin Ọjọ́ Ìsinmi? Kálukú di ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ellen dé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ojú ọ̀nà ni bàbá rẹ̀ ti pàdé rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ lánàá?"

"Aago mẹ́rin, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

Ephraim gbé ọwọ́ sókè.

Ellen dúró níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ yẹn. Ì bá ti sọ ọ́ bó ti wù kó rí. Ó lè tọ Alàgbà Lásúnkànmí, olórí ìjọ, lọ. Àmọ́ ẹni bíni là á jọ, kò sì sí ẹni tó jọ Ephraim tó o. Ó gbé àpò rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó padà sí Èkó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú ìjọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Alàgbà Lásúnkànmí béèrè bóyá ẹni tọ́rọ̀ kàn ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ephraim dáhùn fún ọmọ rẹ̀ pé kò ní. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọ na ọwọ́, ọwọ́ Ephraim ló kọ́kọ́ lọ sókè. Àwọn èèyàn ní bàbá tòótọ́ nìyí, kò ṣe ojúsàájú. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ephraim kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dá a.

Ní ọdún 1995, kásẹ́ẹ̀tì kan dé láti Èkó, tí wọ́n fi ọ̀rá dì tuntun. Eruku Ọ̀nà Ilé ni orúkọ rẹ̀, àkọ́ṣe Ellen, ẹ̀bùn tí àwọn tó ṣètò ìdíje ṣe fún un. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó gbé jìtá lé orúnkún. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Ephraim gbé e sórí pẹpẹ láìtú u. Ó ní bó bá fẹ́ tọrọ àforíjì, á kọ lẹ́tà.

Orin náà kò tà ní Rẹ́mọ. Kọ́ńtírì tí wọ́n fi ìlù òde òní sí lábẹ́, àwọn èèyàn kò mọ bí wọ́n ṣe máa jó o. Ẹnì kan ṣoṣo tó rà á ní àdúgbò ni Sàrátù, tí kò mọ̀wé kà, tó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá ń ṣa obì, á tẹ̀ ẹ́. Orin á gba ara ògiri wọlé, Ephraim á sì dìde, á ti fèrèsé. Àmọ́ káfíńtà ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé pa, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti í kó ku díẹ̀. Èyí tó ku díẹ̀ ló máa ń tì. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa lọ lórí aṣọ láìmọ̀, bí ẹṣin tó ń lọ sílé. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti ń ṣú, Sàrátù á pa á, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn aládùúgbò rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wà báyìí. Lọ́dún 1998, Yúnúsà kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Ṣàgámù, kó lè sún mọ́ àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó lọ, Ephraim ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, ó wá yé e pé òun nìkan ló kù láyé. Ó wá gbé àga, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kúrò lórí pẹpẹ, ó fi eyín ya ọ̀rá rẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣẹ́ po já bọ́ látinú ilé kásẹ́ẹ̀tì náà. Ephraim wá jígí ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ orúkọ àwọn onílù, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé:

"Orin kìíní ni mo fi gba ipò kìíní ní Ta Ló Lóhùn. Ọjọ́rú ni mo kọ ọ́. Sátidé ni wọ́n wá fi í hàn. Mi ò fi Ọjọ́ Ìsinmi kọrin fún èrò rí. Bàbá mi ló kọ́ mi ní jìtá."

Ó kà á títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú. Ó sunkún bí ọmọdé, ẹkún tí kò sun nígbà tí Bánkẹ́ kú.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Sùúrùlérè ní Èkó, sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà, tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára ìwé náà. Ọ̀dà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ronú díẹ̀.

"Ọmọbìnrin oníjìtá yẹn? Ó ti bá àwọn olórin kan lọ sí Amẹ́ríkà, Bàbá. Ó lé lọ́dún kan. Kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀ o."

"Kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà?"

"Kò sí, Bàbá. Ó máa ń sọ nígbà yẹn pé òun ò ní ẹnì kankan nílé."

Ní Sátidé, Ephraim dìde nínú ìjọ, ó ka ìwé náà sókè. Alàgbà Lásúnkànmí ní kí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dá orúkọ Ellen padà na ọwọ́. Gbogbo ìjọ na ọwọ́, títí kan àwọn tó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Wàyí o, àṣà wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá gbà padà á bọ́ síwájú, alàgbà á bi í ní ìbéèrè kan, á sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ephraim nìkan ló bọ́ síwájú. Ó mú ìwé náà dání. Alàgbà kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe ju pé kí òun béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè.

"Ǹjẹ́ arábìnrin wa Ellen Kọ́mọláfẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ?"

"Ó ní," ni Ephraim wí. "'Ṣùgbọ́n' ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó parí."

Alàgbà na ọwọ́ sí i. Ephraim kò gbà á. Ó ní kí wọ́n fi í pa mọ́ de ẹni tó ni ín, ó sì padà lọ jókòó.